Àmì tí Ọdẹ́jìnmí Fi sára Okùn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí ẹní, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn ògiri, ẹ wọlé, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ láti ojú fèrèsé. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fún un lọ́mú. N kì í sọ ìtàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fun mi kì í ṣe ti ẹyẹ ìbákà.

Ọdẹ́jìnmí ará Ọ̀pẹmẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọdẹ gidi ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ irú ọdẹ tí ń fi ẹnu pa erin kí ó tó fi ìbọn pa ehoro. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìkómọ tí wọ́n ṣe ní Ọ̀pẹmẹ́ta fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò ti sọ ìtàn bí ó ṣe lọ sí Igbó Okùn. Àwọn ọmọdé ti mọ ìtàn náà débi pé wọ́n máa ń bá a parí gbólóhùn. Ibì kan ṣoṣo wà nínú ìtàn ọ̀hún tí ó jẹ́ pé, bí ó bá ti débẹ̀, á wúkọ́, á mu ẹmu díẹ̀, á sì fò ó kọjá. Kò sẹ́ni tí ó fura. Ta ni yóò fura sí ikọ́ arúgbó?

Ọjọ́ tí kò wúkọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ ni, tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọdẹ́rìndé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ahunṣọ tí gbogbo ìlú ń yìn, ni ó bí ọmọbìnrin náà. Oyin wà nílẹ̀, iyọ̀ wà nílẹ̀, obì àti ataare wà nínú àwo. Ní ilé wọn, ìyá bàbá ọmọ ni ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn omi láti odò, òun náà ni ó sì máa ń fi omi ọ̀hún tọ́ ọmọ lórí kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ. Ìbídùn, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí, ti jí lọ sódò ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó gbé igbá omi náà wọlé, aṣọ funfun ni ó ró, inú rẹ̀ dùn.

Ni Ọlátóún bá dìde. Ọlátóún yìí ni ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí obìnrin, òun ni olórí àwọn ọmọ-osú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ.

Ó ní, "Ìbídùn, gbé igbá yẹn kalẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò tọ́ ọmọ yìí lórí."

Ìbídùn ní, "Kí ló dé, ìyá wa?"

"O kò mọ̀ ni? Ọmọ rẹ tí ó bí ọmọ yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ríran mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ nílé wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Láti ilé ìyá tìẹ ni o ti gbé e wá. O ti fún ọ̀kan, ó tó. A kò fẹ́ kí o fi ọwọ́ rẹ gbé e fún èyí."

Ìbídùn gbé igbá kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi kan kò dà nínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé ojú kúrò. Ọdẹ́jìnmí mọ ìwò yẹn. Ó ti ń rí i fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì ti ń ṣe bí ẹni pé kò rí i. Àmọ́ ní òwúrọ̀ yìí, ìwò náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún, kò sì rí i yọ.

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí á tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n pìtàn."

Ẹ̀rín bẹ́. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá ọdẹ, ebi ń pa wá o!" Òmíràn ní, "A mọ̀ ọ́n, Igbó Okùn ni!"

Ó ní, "Igbó Okùn ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ óò gbọ́ èyí tí mo ti ń gbé mì."

Ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ti fẹ́ Ìbídùn fún ọdún márùn-ún, kò sí ọmọ. Ògúnkẹ́yẹ, ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọdẹ, ni ó pè é jókòó. Ó ní, "Jìnmí, kí ọmọ tó wá sáyé, wọ́n máa ń tú okùn ilé rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ bí ara ọmọ yóò ṣe rí sí, ní Igbó Okùn, wọ́n á sì sọ ọ́ di méjì. Tiyín ni kò tíì kàn. Oníbodè ibẹ̀ máa ń pa àlọ́ kan fún ènìyàn, ẹni tí ó bá mú ìdáhùn bọ̀ láti inú igbó, ọmọ rẹ̀ yóò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àlọ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi orí lásán já, ojú ni ènìyàn fi ń wo ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: máa wò, má fọwọ́ kàn."

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó so àdá mọ́dìí, ó lọ.

Ìlú àkọ́kọ́ tí ó dé ni Ìlú Aláìdúró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ohun tí ń dúró jẹ́ẹ́ ní ìlú yẹn. Ògiri ń gbọ̀n, àpótí ń gbọ̀n, ọbẹ̀ ń ta nínú àwo láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ àìrí ni ó kún inú afẹ́fẹ́ wọn: èyí á tì ọ́ síwájú, èyí á tì ọ́ sẹ́yìn, òmíràn á gbá ọ ní ìpàkọ́ láìnídìí. Ọdẹ́jìnmí fi agbára kọlù wọ́n. Ó ki ara rẹ̀, ó ní, "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ a-rí-ẹkùn-má-yà-lọ́nà!" Wọ́n gbá a sínú kòtò omi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi jà, ní ọjọ́ kẹta ó rí i pé ẹnu ọ̀nà tí òun gbà wọ̀lú ni òun ṣì wà.

Ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ, ó ru ìkòkò mẹ́rin lérí ara wọn, ọ̀kan kò sì mì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ta ni ò ń bá jà?"

"Iwájú ni mò ń lọ, ìyá."

"Kò sẹ́ni tí ń ti ara rẹ̀ síwájú nílùú wa. Jẹ́ kí wọ́n tì ọ́. Bí wọ́n bá tì ọ́ sẹ́yìn, tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tì ọ́ síwájú, gbà á, kí o sì kọ̀, má padà. Kíkọ̀ yẹn ni ìrìn. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ ń jẹ agbára ju lílọ lọ. Gba ẹ̀pà yìí, máa jẹ ẹyọ kan bí o bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Bí ó ṣe la ìlú náà já nìyẹn, ẹ̀pà kan, ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí ó bá ń sọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀, agbára òun ni ó máa ń ní òun fi là á já. Ìyá arúgbó náà kò sí níbẹ̀ rárá. Ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, àwọn kan sì ti ń wo ara wọn.

Ó dé ẹnubodè Igbó Okùn. Oníbodè jókòó sórí òkúta, orí rẹ̀ kan, ojú rẹ̀ méjì: ọ̀kan ń wo ẹni tí ń wọlé, ọ̀kan ń wo ẹni tí ń jáde. Ó ní, "Kí ni a pín sí méjì tí kò sí ìdajì níbẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí ní, "N kò mọ̀ ọ́n, bàbá."

"Ó dára tí o kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ń purọ́ ni. Wọlé. Okùn ilé tìrẹ ni wọ́n yóò tú lójú rẹ. Máa wò, má fọwọ́ kàn."

Ẹ̀yin ará, okùn náà rí! Láti òkèèrè, kò ju okùn ilẹ̀kùn lọ. Nígbà tí ó sún mọ́ ọn, ó tó ìtì ọ̀pẹ, ó sì gùn wọ inú ìkùukùu lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n dojú kọ ara wọn ní àárín, wọ́n di ara wọn mú. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà: pupa, funfun, dúdú, àyìnrín. Ọdẹ́jìnmí wò ó, wò ó, ó rí i pé pupa kì í dojú kọ ẹlòmíràn àfi funfun, dúdú kì í sì í dojú kọ ẹlòmíràn àfi àyìnrín. Pupa àti funfun di ara wọn mú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n dúdú àti àyìnrín le bí àna méjì tí ń jà.

Níbẹ̀ ni ó máa ń wúkọ́. Gbogbo ènìyàn ń retí kí ó na ọwọ́ sí ẹmu. Kò nà án.

Ìkùukùu ibẹ̀ ni ó bà á lẹ́rù. Ibi gbogbo lára okùn jọ ara wọn. Bí ó bá rìn lọ, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀? Ọdẹ tí kò bá dá àmì sí ọ̀nà, igún ni yóò júwe ibi tí ó kú sí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àdá fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń lọ ní gbogbo oríta láti ìgbà tí ó ti jẹ́ ọmọdé. Ó ṣá okùn, àdá kò ràn án. Ó wolẹ̀, ó rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí ó dà sílẹ̀ káàkiri bí èso igi. Ọ̀rọ̀ Ògúnkẹ́yẹ wá sí i lọ́kàn: má fọwọ́ kàn. Ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé àmì kì í ṣe fífọwọ́kàn, àmì ni.

Ó wá ibi tí pupa méje tò tẹ̀lé ara wọn, ó yọ ìkẹrin, ó fi dúdú kan síbẹ̀. Bí ó bá dúró níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kì bá tí bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ọdẹ kì í dá àmì sí ojú kan igi. Iwájú igi àti ẹ̀yìn igi ni ó ń dá a sí, kí ó lè rí i ní àlọ, kí ó sì rí i ní àbọ̀. Nítorí náà, ó bọ́ sí òdìkejì, ó yọ funfun tí ó ti dojú kọ pupa náà, ó sì fi àyìnrín rọ́pò rẹ̀. Dúdú àti àyìnrín bá ara wọn mu, wọ́n dì pẹ́kẹ́. Ó ju pupa àti funfun sínú àpò awọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Kò pẹ́ ni ó gbọ́ ìró kan, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Atúkùn ni ó ń bọ̀.

Atúkùn jẹ́ ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ ọrùn ara wọn, tí wọ́n ṣe òrùka yí ẹ̀ka okùn kan ká. Ẹ̀ka yẹn ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń ti ẹ̀ka kejì síta. Ọ̀kan nínú wọn á jẹ ẹ̀pà kan, á tẹ ẹsẹ̀ síwájú, á tu èèpo dànù. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á jẹ tirẹ̀, á tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n ti ń yí lọ nìyẹn, ìlẹ̀kẹ̀ sì ń já kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ níwájú wọn, òkìtì èèpo ẹ̀pà wà lẹ́yìn wọn. Ọdẹ́jìnmí rántí ìyá arúgbó. Ìrìn kan náà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Ọ̀kan ni wá."

"Ta ni ó rán yín níṣẹ́?"

"Ebi."

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Iwájú."

"Kí lẹ ń kà lára ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí bí ẹ ti ń já wọn?"

"A kì í kà. Ẹni tí ń tú ẹrù kì í bèèrè ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí tẹ̀lé wọn, ó ń wò. Ó wo ìyá kan tí ń sáré níwájú pẹ̀lú ọ̀bẹ, tí ń gé okùn, tí ó ń jẹ́ kí ó yí, tí ó sì ń so ó padà kí ojú tó ṣẹ́. Ó fẹ́ mú un, ó ní ó ń ba okùn òun jẹ́. Ìyá náà ní, "Kúrò lọ́nà! Bí wọ́n ti ń tú u lẹ́yìn ni ó ń lọ́ pọ̀ níwájú. Bí n kò bá gé e, yóò há, ìrìn yóò sì tán." Ó wo àwọn asínlẹ̀kẹ̀ méjì lẹ́yìn Atúkùn, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀ka kìíní ń sáré tẹ̀lé Atúkùn, ó ń kọrin, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tuntun lọ gbọọrọ. Ti ẹ̀ka kejì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń sín in ní ìkékèé, á fò wá síwájú, á tún sín ìkékèé mìíràn, ẹnì kan sì ń tẹ̀lé e tí ń so àwọn ìkékèé náà pọ̀. Ẹni ìkẹyìn ni Ayẹ̀wò, bàbá afọ́jú kan tí ń fi àtàǹpàkò kan ìlẹ̀kẹ̀ tuntun níkọ̀ọ̀kan. Bí pupa bá dojú kọ ohun tí kì í ṣe funfun, á já a sọnù, á ní kí wọ́n tún un sín.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn àlọ́ ti yé Ọdẹ́jìnmí. Ó fò sókè, ó pariwo. Ẹ̀ka tí ó ní pupa á pe funfun, ẹ̀ka tí ó ní funfun á pe pupa; okùn kan ti di okùn méjì, ìdajì kò sì sí níbẹ̀. Ó ń yọ̀ títí ó fi bojú wẹ̀yìn.

Ó rí àmì rẹ̀. Ó wà lára okùn kìíní. Ó wà lára okùn kejì. Atúkùn mìíràn ti gun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n dé ibi àmì, ó le fún wọn díẹ̀, wọ́n tún jẹ ẹ̀pà kan sí i, wọ́n kọjá. Ó di mẹ́rin. Ó di mẹ́jọ. Ó ń pọ̀ níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí iná bá mú pápá.

Ó sáré bá Ayẹ̀wò. "Bàbá, ẹ wo ibí yìí. Dúdú wà láàárín àwọn pupa."

"Kí ló dojú kọ ọ́?"

"Àyìnrín."

"Dúdú dojú kọ àyìnrín. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀."

"Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ méjèèjì ńkọ́, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn?"

Bàbá náà dúró. "Ta ni yóò ṣe irú ìyẹn? Ọwọ́ mi kò lè mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tí ó ṣe é nìkan ni ó mọ̀. Kí ẹni náà lọ sọ ọ́ ní ẹnubodè kí ó tó jáde."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, bàbá?"

"Bí ojú yóò ṣe máa ríran lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ibẹ̀ ni."

Ẹ gbọ́ mi o. Ó mọ̀. Kí ó tó kúrò nínú igbó yẹn ni ó ti mọ̀.

Ó dé ẹnubodè. Oníbodè ní, "Ìdáhùn dà?"

"Okùn ni, bàbá. Bí a bá pín in sí méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan a rántí ìkejì rẹ̀, a sì pè é padà."

Oníbodè pàtẹ́wọ́. "O káre. Ọmọ rẹ ti wà lọ́nà. Ó ku ẹyọ kan. Ọwọ́ rẹ kan nǹkan?"

Ọdẹ́jìnmí ronú nípa ọdún márùn-ún. Ó ronú nípa Ìbídùn tí ń fi aṣọ bo ẹnu sunkún, kí àwọn ìyàwó ilé má baà gbọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ojú sì tún ń tì í, kí wọ́n má baà ní ọdẹ ńlá kò lè pa ọwọ́ mọ́ra.

Ó ní, "Ọwọ́ mi kò kan nǹkan."

Ó kọjá. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Ojú kejì Oníbodè, èyí tí ń wo ẹni tí ń jáde, wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Nítorí bí ọwọ́ ènìyàn bá kàn án, tí ó sì jẹ́wọ́, a máa ń dá Atúkùn dúró ni, a óò tún ibẹ̀ ṣe, ọmọ rẹ̀ yóò sì bá a lọ síbẹ̀síbẹ̀."

Ilẹ̀kùn kò tíì pa dé tán. Àyè tí ó kù tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó lè fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Ó lè ké. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde, nítorí bí ó bá sọ ọ́ báyìí, kì í ṣe aláìgbọràn nìkan ni yóò jẹ́ mọ́, òpùrọ́ ni yóò jẹ́ pẹ̀lú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Ìbídùn lóyún, ó bí Ọdẹ́rìndé. Ọmọ náà lẹ́wà, ó gbọ́n. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ọdẹ́jìnmí ń mú un bọ̀ láti oko ní àṣálẹ́, ọmọ náà ń dúró, ó ń fọwọ́ tá ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, n kò rí ọ̀nà." Bàbá rẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí ó mọ̀ yẹn ni ó mú un bínú. Ó ní, "Ojo! Ọmọ ọdẹ ń bẹ̀rù òkùnkùn!" Ó tì í síwájú. Ọmọ náà já sínú kòtò odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá.

Nígbà tí gbogbo ẹbí pé jọ lórí ọ̀rọ̀ ojú náà, Ọlátóún ní ilé ìyá ọmọ ni kí wọ́n lọ wò. Ọdẹ́jìnmí wà níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Ìdí-Ọsàn, ìlú àwọn Ìbídùn. Àwọn tí wọ́n ti wá tọrọ Móbọ́láńlé àbúrò rẹ̀ kó ẹrù wọn padà, wọn kò fẹ́ ìyàwó tí yóò bí ọmọ aláìríran. Móbọ́láńlé kò rí ọkọ mọ́. Ìyá wọn kú láìpẹ́ sígbà náà. Ọdẹ́jìnmí pa ẹtu méjì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, ó sì sọ ìtàn Igbó Okùn, ó wúkọ́ níbi tí ó ti máa ń wúkọ́.

Ibí ni ó parí rẹ̀ sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ fi iyọ̀ sí i lónìí o!" Àwọn mìíràn bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ohun tí ẹnu asán ń ṣe fún ènìyàn: ọjọ́ tí ó sọ òótọ́, wọ́n ní àwàdà ni.

Kò bá wọn jà. Ó tú àpò awọ rẹ̀, ó da ìlẹ̀kẹ̀ méjì sórí ẹní, pupa kan, funfun kan. Ó fi wọ́n jìnnà síra. Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì yí fúnra wọn, wọ́n yí wá bá ara wọn, wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n sì dì. Ẹ̀rín tán nílé.

Ọdẹ́rìndé dìde níbi tí ó jókòó sí, ó ń tiro díẹ̀ bí ó ti máa ń tiro. Ó ní, "Bàbá, ẹ pè mí ní ojo."

"Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni ojo."

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ìbídùn, arúgbó tí orí rẹ̀ funfun, àwọn obìnrin ké pé èèwọ̀. Ìbídùn kò ké. Ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ méjì náà.

Ó ní, "Dìde. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ń bi Ọlọ́run léèrè ohun tí ilé ìyá mi ṣe. Ìwọ mọ̀ ọ́n. A jọ ń jẹun, o mọ̀ ọ́n."

"Dárí jì mí."

"N kò tíì mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Dìde. Àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ kò sí níbí."

Ó gbé igbá omi. Kò sẹ́ni tí ó dá a lẹ́kun. Ó fi omi tọ́ ọmọ lórí, ọmọ náà sín, Ìbídùn sì pe orúkọ kan sókè tí gbogbo ilé gbọ́: "Àríkẹ́." Oríkì ìyá Ìbídùn tí ó kú ni. Lẹ́yìn náà, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì, ó so wọ́n mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó sì jáde.

Ìdí-Ọsàn kò jìnnà. Bí ènìyàn bá jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ kí ó tó gbéra, ibẹ̀ ni yóò ti jẹ ti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó la Ìlú Aláìdúró já kò rí ọ̀nà tí ó gùn tó yìí rí. Ohun gbogbo ń tì í sẹ́yìn: ọjọ́ orí rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ojú àwọn tí yóò bá níbẹ̀. Ìbídùn ń lọ níwájú, kò bojú wẹ̀yìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ yí, Ọdẹ́jìnmí á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá gbé e síwájú, á kọ̀, kò ní padà. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àdá fúnra rẹ̀, igi kan sì wà níbẹ̀ tí ó dára fún àmì. Ó wo ọwọ́ náà. Ó mú un kúrò lórí àdá, ó kọjá.

Wọ́n bá Móbọ́láńlé lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Àwọn ará ilé jáde wá. Ẹnì kan tí ó mọ Ọdẹ́jìnmí gbé àpótí fún un, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jókòó, ẹ pìtàn fún wa."

Kò jókòó. Kò ki ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún síwájú kí gbogbo wọn lè rí i.

Ó ní, "Ọwọ́ mi kàn án."

Ẹni tí ó sọ ìkòkò kalẹ̀, kí ó lọ gbé e padà sórí iná. Ẹni tí ọmọ ti sùn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa tó lọ, kí ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀.